Wolé-wolé Ọlágúnjú àti Ilé Tí Kò Ṣeé Tà

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 1970, iye tí wọ́n dá lé ilé oníyàrá mẹ́fà kan ní Òmù-Àrán ni ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun páànù rẹ̀ ní ọ̀dà pupa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tà á ni Ọláìyá, ọkùnrin tó ń ra èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á ni Suwebat, opó kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé dé láti Kùmásì ní Gáńà pẹ̀lú ọmọ márùn-ún. Ẹni kẹta tó bá wọn wọlé ni Ọlágúnjú Bámigbóyè, tí Suwebat bẹ̀ pé kó wá bá òun wo ilé náà.

Ọlágúnjú kò wo páànù. Kò wo ògiri. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣí fìlà, ó rìn dé àárín pálọ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì tuntun.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá," ni ó wí fún ilẹ̀. "A bá yín láàyè yín o."

Ọláìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Bàbá yìí náà! Ta lẹ ń kí? Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Ìyá Ọláìyá, Màmá Àyìnkẹ́, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mọ ìkíni. Kò tilẹ̀ gbé orí sókè. "Ẹ dìde, ẹ ṣeun," ni ó wí. "Ó ń gbọ́ yín. Àmọ́ kì í ṣe ibi tí ẹ kọjú sí yẹn ló wà. Yàrá kejì ni a tẹ́ ẹ sí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ọláìyá. "Ẹ má dá Ìyá lóhùn. Ogbó ló ń dà wọ́n láàmú."

"Ogbó?" ni Màmá Àyìnkẹ́ wí. "Ta ló wá po sìmẹ́ńtì ọ̀hún láàárọ̀ àná? Èmi ni?"

Ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, kó mọ̀ ọ́n báyìí: ní ilẹ̀ wa, ilé tí a sin bàbá sí kì í ṣe ọjà. Ẹni tó bá rà á yóò kàn rí i pé lọ́dọọdún ni àwọn kan ń kan ìlẹ̀kùn òun, tọkọ taya, tọmọ tọmọ, pé àwọn wá kí bàbá àwọn. Yóò ti sanwó ilé tán, yóò sì jókòó sínú rẹ̀ bí àlejò òkú. Àwọn àbúrò Ọláìyá méjì ń gbé ní Kàdúná nígbà yẹn. Wọn kò gbọ́ pé wọ́n ń ta bàbá àwọn mọ́ ilé. Ọláìyá fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1981. A kò ní nǹkan kan láti fi kún un.

Kí òmìnira tó dé, wolé-wolé ni Ọlágúnjú. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lábẹ́ àwọn òyìnbó, ó sì fẹ̀yìn tì ní ọdún tó tẹ̀lé òmìnira. Ṣòkòtò kakí péńpé, ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, ọ̀pá lọ́wọ́. Bí ó bá ti yọ ní ìkòríta, àwọn obìnrin á da omi inú amù wọn nù nítorí tanwíjí, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fẹ̀yìn tì tán, wọ́n ṣì ń da omi nù. Ní ọdún 1965 ó wọ aṣọ ńlá, ó lọ kí ìyá ìkókó kan kú ewu ọmọ, gbogbo àdúgbò náà kò sì rí omi mu títí ilẹ̀ fi ṣú.

Òfin àwọn òyìnbó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sin òkú sínú ilé. Àwọn ènìyàn gbọ́ òfin náà dáadáa, wọ́n sì ń sin òkú wọn sínú ilé. Wọ́n á rẹ́ ilẹ̀ padà, wọ́n á tẹ́ ẹní lé e, wọ́n á gbé àga lé ẹní, wọ́n á ní bàbá àwọn rìnrìn àjò lọ sí Ìlọrin. Wolé-wolé yòókù á mú ṣọ́bìrì wá. Ọlágúnjú kò mú ṣọ́bìrì wá rí. Ó kàn ń kí ni.

Ọgbọ́n náà kò ju èyí lọ: ènìyàn lè kọ́ ẹnu rẹ̀ ní irọ́ tí yóò pa fún ìjọba, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ìgbómìnà tó lè kọ́ ẹnu rẹ̀ kó má dáhùn ìkíni. Bí òkú bá wà nílé, ẹnìkan á bá a dáhùn. Bí kò bá sí, gbogbo wọn á máa wo ara wọn lójú bí ẹni pé orí wolé-wolé náà ti dàrú.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màmá Àyìnkẹ́, òkìkí Ọlágúnjú kàn. Ọkùnrin kan tó fẹ́ ta ilé kó ìyàwó, ọmọ àti àwọn ayálégbé rẹ̀ jọ, ó kìlọ̀ fún wọn pé bí Ọlágúnjú bá dé, kí ẹnikẹ́ni má lanu. Ọlágúnjú dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí ilẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Ó dìde, ó kí ìyàwó ilé pé ó kú iṣẹ́. Obìnrin náà dákẹ́. Ó kí àwọn ọmọdé. Wọ́n di ẹnu wọn mú. Ọlágúnjú gbé bàtà rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni ó wí fún ẹni tó fẹ́ ra ilé. "Ilé tí wọn kò ti ń dáhùn ìkíni rárá, òkú inú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ."

Ẹni tó bá rí i níbi iṣẹ́ kò lè gbàgbé. Ọlágúnjú yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, yóò di ojú, ariwo yóò sì rọlẹ̀ nínú ilé náà títí kan adìẹ. Ilé tó ti dúró fún ogójì ọdún láìsọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni yóò wá dà bí ọ̀daràn tó fẹ́ jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà Ọlágúnjú yóò la ojú, yóò sì sọ ibi tí omi ti ń wọlé, ọdún tí wọ́n pààrọ̀ ìlẹ̀kùn, àti ẹ̀gbẹ́ tí ìyá àgbà ń sùn sí. Kì í ṣe àṣírí kankan. Ó ti wọ gbogbo ilé ìlú náà rí, ìdajì wọn láti ẹ̀yìnkùlé.

Ọdún 1970 yẹn le. Ní ìparí ọdún tó ṣáájú ni ìjọba Gáńà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ. Àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, níbẹ̀ di ẹrù, wọ́n sì wọ lọ́rì wá sílé. Àwọn kan nínú ìlú sunkún pàdé wọn. Àwọn kan ń fi ojú kan sunkún, wọ́n sì ń fi ojú kejì wo iye tí àwọn lè fi lé owó ilé. Àwọn wọ̀nyí ṣì wà láàárín wa, wọ́n ń jókòó sí ìlà iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

Suwebat àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo ní ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ lóṣù kìíní. Lóṣù kejì, wọ́n gbà wọ́n tọwọ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, ìyàwó ilé ti ń gbé ìkòkò kalẹ̀ gbàgà-gbàgà bí ẹni tó ń kan ìṣó. Òjò sì ń bọ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n jáde ní ilé Ọláìyá, Suwebat kò dúpẹ́. Inú ń bí i.

"Bàbá, ilé ni mo wá rà, ẹ ò sì jẹ́ kí n rà á."

"Ìyá Àfísù, ibojì ni wọ́n fẹ́ tà fún ọ. Ilé ni wọ́n fi bò ó."

"Irú ilé wo wá ni ẹ fẹ́ kí n rà?"

"Ìwọ ni kí n bi. Irú èwo lo fẹ́?"

Suwebat fa kọ́kọ́rọ́ kan yọ láti etí ìró rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ irin gígùn ni, ó ti dán nítorí pé ara ló ń fi gbé e. "Ẹ wò ó. Ilé tí èmi àti ọkọ mi kọ́ ní Kùmásì nìyí. Yàrá mẹ́jọ. Mo ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, mo sì ń bọ̀ nílé. Ẹlòmíràn ló ń gbé ibẹ̀ báyìí, kò tilẹ̀ nílò kọ́kọ́rọ́. Bàbá, ilé tí wọn ò ní lé mi kúrò níbẹ̀ ni mo fẹ́. Ilé tí àwọn ọmọ mi ò ní jí lọ́jọ́ kan kí ẹnìkan ní kí wọ́n di ẹrù."

Ọlágúnjú wo kọ́kọ́rọ́ náà títí. "Ilé tí wọn kò lè léni kúrò níbẹ̀ ni ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè tà."

"Ẹ bá mi wá irú ẹ̀. Mo fẹ́ rà á."

"Ilé tí kò ṣeé tà! Ọ̀dọ̀ ta lo ti fẹ́ rà á?"

"Ṣé èmi ni wolé-wolé ni?"

Ọlágúnjú dé fìlà rẹ̀, ó sì dé e sódì.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé káàkiri. Ọlágúnjú kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wolé. Iyán ni owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé inú pálọ̀ ilé tí wọ́n fẹ́ tà gan-an ni wọ́n ti gún un. Ilé kan wà ní ojú ọ̀nà Àrán-Ọ̀rin, ilé bulọ́ọ̀kù, tí onílé ń pè ní ààfin. Wọ́n gbé odó wọ pálọ̀. Ìyàwó onílé mú ọmọ odó. Ọlágúnjú fi etí ti ògiri.

"Gún un dáadáa, ìyàwó mi. Iyán ni, kì í ṣe ata."

"Bàbá, ilé ń mì!"

"Èmi náà gbọ́. Máa gún un lọ."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí iyán kúná, èérún kan já láti ara ògiri, ó tóbi tó àwo, ó sì balẹ̀ sínú odó. Onílé fò sókè. "Ẹ ti ba ilé mi jẹ́!"

"Odó kì í ba ilé jẹ́," ni Ọlágúnjú wí. "Ó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni. Yanrìn ló pọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀." Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó yọ èérún kúrò lára iyán, ó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ó ní ilé kò dára, ṣùgbọ́n obìnrin ilé mọ iyán gún.

Ẹ má rò pé kì í ṣì í. Ó máa ń ṣì í, a sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní ọdún 1967, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìlọrin. Ọlágúnjú ní kí ẹnikẹ́ni má rà á, pé ta ni yóò fẹ́ máa gbé inú eruku? Àwọn tó gbà á gbọ́ kò rà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1976, ilé epo, ṣọ́ọ̀bù àti ilé alájà ti kún ibẹ̀. Àwọn tó pàdánù lọ bá a nílé, wọ́n kígbe lé e lórí. Ó tẹ́tí gbọ́ wọn tán. "Mo ní eruku wà níbẹ̀," ni ó wí. "Ṣé kò sí eruku níbẹ̀ ni?"

Ní oṣù kẹrin, wọ́n rí ilé kan ní ẹ̀yìn ọjà. Tọkọtaya arúgbó kan ló ni ín, wọ́n fẹ́ lọ bá ọmọ wọn ní Jọ́ọ̀sì. Ọlágúnjú dọ̀bálẹ̀, ó kí ilẹ̀. Ìyá arúgbó náà bojú wo abẹ́ àga, ó ní, "Ológbò wa lẹ ń kí ni?" Ìyẹn yege. Wọ́n gún iyán, ògiri kò sọ nǹkan kan. Suwebat ní ó ti tó, kí òun sanwó. Ọlágúnjú ní rárá, òjò kò tíì bá ilé náà sọ̀rọ̀.

"Bàbá, òjò lè má rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ méjì!"

"Ilé ti dúró láti ọdún 1949. Kò ní sá lọ."

"Ilé ò ní sá lọ, àmọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yóò lé mi jáde!"

Ọjọ́ tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, gbogbo ìlú ń sá wọlé, Ọlágúnjú ń sá jáde. Ó kọjá láàárín ọjà pẹ̀lú agbòòrùn tó ká, ó há a mọ́ abẹ́ apá, omi ń ṣàn lára rẹ̀, Suwebat ń tẹ̀ lé e, ó ń pe Ọlọ́run. Wọ́n dé ilé náà. Ọlágúnjú ṣí fìlà. Orí rẹ̀ pá pátápátá, ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ sì ni. Ó gbé àpótí sáàárín yàrá kìíní, ó jókòó, ó di ojú, ó ń dúró de ẹ̀kán omi kan ṣoṣo. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní yàrá kejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo yàrá. Baálé ilé dúró sí ẹnu ọ̀nà bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de èsì ìdánwò. Ààrá sán, kò mira. Nígbà tó dìde nínú yàrá tó kẹ́yìn, ó fi ọwọ́ pa orí rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó gbẹ.

Baálé ilé, tó ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún, gbójú sókè wo àjà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Ó dára?" ni Suwebat bi í.

"Fèrèsé yàrá iwájú kọjú sí ilé ìdáná aládùúgbò. Èéfín yóò máa wọlé."

"Bàbá! Mo ti rà á! Ẹ gbọ́? Mo rà á tèéfín-tèéfín!"

Wọ́n sanwó lójú ẹlẹ́rìí. Suwebat kó wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọlágúnjú bá wọn jẹ iyán àkọ́kọ́, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá Àfísù, ilé dáadáa lo rà. Ṣùgbọ́n ó ṣeé tà. Èyí tí o ní kí n wá fún ọ kọ́ nìyí. Iṣẹ́ rẹ ṣì kù lọ́wọ́ mi."

"Ẹ gbàgbé ìyẹn, Bàbá. Mo ti rí ibi sùn."

"Èmi kì í gbàgbé."

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ilé Suwebat ni Ọlágúnjú yóò yà sí. Yóò jókòó sí yàrá iwájú, yóò máa wo fèrèsé, yóò máa ka èéfín. Suwebat, tó ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ kíkan àwọn ará Gáńà, ní ọjà, yóò gbé méjì fún un pẹ̀lú ẹja díndín. Ọlágúnjú bu òkèlè àkọ́kọ́, ó ní ẹ̀kọ tí inú ń bí ni. Fún ọdún mẹ́jọ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣẹ́ ìkankan kù sínú abọ́.

Òun fúnra rẹ̀ kò ní ilé. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n, àwọn tó ti jẹun lára ọgbọ́n rẹ̀ ló sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Yàrá kan ló háyà, láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òrùlé ibẹ̀ ń jò ní ojú mẹ́ta, ó mọ ibi tí yóò gbé abọ́ sí láìtan fìtílà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Eunice, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó jẹ́ kí òun ra ilé fún un. Ó bá a wo ilé mọ́kànlá. Bàbá rẹ̀ kọ gbogbo wọn. "Bàbá mi," ni Eunice wí, "ẹ̀yin lẹ gba ẹgbẹ̀rún ènìyàn nímọ̀ràn ilé. Ilé tí ẹ ó gbé ńkọ́?"

"Kò tíì délẹ̀ ayé."

Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1978, lórí ibùsùn rẹ̀, ní ọjọ́ tí òjò rọ̀. Abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní àyè wọn.

Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ọkọ̀ wá láti Àrán-Ọ̀rin, ìlú bàbá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Ọláṣẹ́gun, ní kí wọ́n gbé òkú, àwọn ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé bàbá àwọn. Eunice dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Kékeré. Bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní kí ẹ má gbé wọn lọ sí Àrán-Ọ̀rin."

"Kí ló dé? Ilé bàbá wa kọ́ ni?"

"Wọ́n ní ilé náà ń jò."

Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọláṣẹ́gun wo ọ̀run. Katikíìsì ṣọ́ọ̀ṣì Ọlágúnjú dá sí i, ó ní ṣebí itẹ́ òkú ìjọ wà, ẹ jẹ́ kí á gbé e lọ síbẹ̀.

"Wọ́n ti lọ wo ibẹ̀ náà, sà," ni Eunice wí. "Lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Ó bú láàárín ẹkún, kò sì ṣeé dá dúró: ọkùnrin tó ti kọ gbogbo ilé láyé ti kọ èyí tó kù náà. Ṣùgbọ́n òkú kan wà nílẹ̀, oòrùn ń lọ, kò sì sí ibi tí wọn yóò sin ín sí. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń sùn lábẹ́ òrùlé tí Bàbá yìí yàn fún wọn. Àwọn púpọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń wo bàtà wọn.

"Yàrá iwájú mi ṣófo," ni Suwebat wí.

Àkọ́bí rẹ̀, Àfísù, yí padà kíákíá. Gbogbo ìlú ló mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: ó ti rí ilẹ̀ ní Ganmo, nítòsí Ìlọrin, ó sì ti bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀ nípa ilé ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ó rò pé kò gbọ́.

"Ìyá, ẹ rọra. Bàbá kì í ṣe ẹbí wa. Wọn kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí."

"Ó jẹ kẹ́ńkẹ́ mi fún ọdún mẹ́jọ. Ẹbí wo ló ju ìyẹn lọ?"

Àfísù sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá. Ẹ mọ̀ pé bí a bá sin wọ́n síbẹ̀, a ò lè ta ilé yìí mọ́ láéláé."

"Mo gbọ́," ni Suwebat wí. "Sọ ọ́ sókè. Kí gbogbo wọn gbọ́ ọ."

Àfísù wo ìyá rẹ̀ títí. Ọmọkùnrin tó jókòó lórí ẹrù nínú lọ́rì láti Kùmásì ni, ó sì rántí. Nígbà tó ṣe, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó bèèrè ṣọ́bìrì.

Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ dé àyà nígbà tí wolé-wolé tuntun yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú kakí. Òfin ṣì wà. Gbogbo ènìyàn dúró gbagidi. Ìyá kan ní ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀ sí í da omi amù nù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, ó wo òkú tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá."

Ó dìde, ó wo òrùlé àti ògiri yíká, ó ní ilé náà mọ́, òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Suwebat tú kọ́kọ́rọ́ Kùmásì kúrò ní etí ìró rẹ̀, ó sì fi í kọ́ sára ìṣó ní yàrá iwájú. Iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ Ọlágúnjú ti parí. Ó ti wá ilé tí kò ṣeé tà fún un, ó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló mú kí ó má ṣeé tà. Èéfín aládùúgbò ṣì ń wọlé láti ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ ilé ní Bàbá ń ráhùn.

Àwọn oníṣòwò ilé ṣì ń wá. Wọ́n ń fi mọ́tò wá láti Ìlọrin, wọ́n ń dúró sí ìta, wọ́n ń ka yàrá. Ìwọ tí o ń ka èyí, bí o bá dé ẹ̀yìn ọjà ní Òmù-Àrán, má bèèrè iye owó ilé náà. Pa ẹnu rẹ mọ́ ní ìta. Bọ́ bàtà rẹ. Ṣí fìlà rẹ. Wọlé, dọ̀bálẹ̀, kí o sì kí Bàbá. Ẹnìkan nínú ilé náà yóò dá ọ lóhùn. Yóò sọ ibi tó wà fún ọ.